Muda Lawal àti àwọn tí kì í jáde kí eré tó parí

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó dáadáa. Ìtàn bọ́ọ̀lù Ìbàdàn ni mo gbé wá láti Onírèké lónìí, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa bá mi bọ̀.

2/ Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe eré kan tó ń jẹ́ baseball. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹlòmíì á fi igi gbá a. Ẹni tó ń jù ú ni pitcher. Tí pitcher tó bẹ̀rẹ̀ eré bá jù ú títí eré fi parí, tí wọn ò fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀, complete game nìyẹn. Wọ́n máa ń kà á, ẹni tí tiẹ̀ bá sì pọ̀ jù ló ṣíwájú líìgì lọ́dún náà.

3/ Lọ́dún 1879, Will White ṣe 75. Ọdún kan ṣoṣo o! Ní 1975, Catfish Hunter ṣe 30. Ní 2022 ńkọ́? Sandy Alcántara ló ṣíwájú, 6 péré ló sì ṣe. Kí ló fà á? Apá ń bàjẹ́. Àwọn kóòṣì wá ń ka iye ìgbà tí èèyàn ju bọ́ọ̀lù. Tó bá ti pọ̀, wọ́n á ní kó jáde.

4/ Ta ni irú wọn lọ́dọ̀ tiwa? Lójú tèmi, Muda Lawal ni. Ọmọ Abẹ́òkúta, mẹkáníìkì ni kó tó di gbajúmọ̀ nínú IICC Shooting Stars níbí. Àárín pápá ló ti ń gbá a, níbi tí wọ́n ti ń sáré jù, tí ìyìn kì í sábà dé.

5/ Ní 1976, Shooting Stars gba Cup Winners' Cup, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife Áfíríkà. Lọ́dún yẹn kan náà, Lawal lọ AFCON. Ó tún lọ ní 1978, 1980, 1982 àti 1984. Márùn-ún léraléra!

6/ Kò sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì o. Àṣekágbá 1980 ní Sùúrùlérè, a na Algeria 3-0: Odegbami gbá méjì wọlé, Lawal gbá ìkẹta. Àṣekágbá 1984 ní Abidjan, Cameroon nà wá 3-1. Ta ló gbá ẹyọ kan tiwa wọlé? Lawal náà ni.

7/ Láyé ìgbà yẹn, agbábọ́ọ̀lù méjì péré ni wọ́n lè pààrọ̀ nínú eré kan. Lónìí, márùn-ún ni. Tó bá rẹ̀ ẹ́ nígbà náà, wàá fara dà á ni.

8/ Mi ò sọ pé ká padà síbẹ̀ o. Ẹsẹ̀ èèyàn ò ní spare part ní Gate. Ohun tí mò ń sọ ni pé gbogbo wa la mọ "Mathematical" Odegbami, ó sì tọ́ sí i jàre. Ẹni tó dúró títí dé òpin ńkọ́? Amẹ́ríkà ń ka tiwọn láti ayé Will White.

9/ Oṣù keje 1991 ni Lawal kú, ẹni ọdún 37. Àwọn tó rí i ní Liberty Stadium ti ń dàgbà. Tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá wà lára wọn, ẹ pè wọ́n lónìí, ẹ bi wọ́n. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ má jẹ́ kó kú sí wọn lẹ́nu.