Ohun tí Èékánná Ń Sọ: Ìtàn Kan láti Kankon



Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ kó ọ̀rọ̀ jọ ní Kankon, ní agbègbè Àgbádárìgì. Àwọn Ògù ló tẹ̀dó síbẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn gbọ́ Yorùbá dáadáa. Mo ń béèrè orúkọ àwọn ẹ̀yà ara lọ́wọ́ ìyá àgbà kan. Nígbà tí a dé orí èékánná, wọn kò tíì dá mi lóhùn tí wọ́n fi fa ọwọ́ ọmọ-ọmọ wọn tó jókòó tì wọ́n. Wọ́n tẹ èékánná rẹ̀, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. "Tíṣà, ẹ wò ó, ó funfun bí ẹfun. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí kò tó." Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Àyẹ̀wò fi hàn pé ibà ti dín ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kù gidigidi. Ìtọ́jú tètè bẹ̀rẹ̀, ara ọmọ sì yá.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìtàn èékánná kiri. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún ti ènìyàn àti ti àṣá tó ń gbé òròmọdìẹ. Ṣùgbọ́n ti ènìyàn ń ṣe iṣẹ́ mìíràn: ó ń ròyìn inú ara.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, Hippocrates, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì, ṣàkíyèsí pé èékánná àwọn tí ọyún kún inú àyà wọn máa ń tẹ̀ kọ́rọ́dọ́. Títí di òní, bí ṣóńṣó ìka bá wú bí orí ọ̀pá ìlù, dókítà a máa yẹ ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn wò. Ní 1846, Beau, dókítà ará Faransé, kọ̀wé nípa ilà tó máa ń jìn wọ èékánná ní ìbú lẹ́yìn àìsàn líle. Níwọ̀n bí èékánná ọwọ́ ti ń gùn ní nǹkan bíi mìlímítà 3 lóṣù, a lè fi ibi tí ilà náà dé ṣírò ìgbà tí àìsàn náà wáyé. Èékánná a máa pa ìtàn mọ́ bí àrọ́bá. Bí ó bá sì tẹ̀ wọnú bí ṣíbí, ó lè jẹ́ pé èròjà irin kò tó nínú ara, bóyá nítorí oúnjẹ, bóyá nítorí aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níbi kan. Ọ̀pọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ló ní ilà dúdú tó gùn tẹ̀lé èékánná, kì í sì í ṣe àrùn lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n bí ilà kan ṣoṣo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó ń fẹ̀ sí i, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ tàn dé ẹran ìdí èékánná, kí a má ṣe fi falẹ̀. Ní 1977 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ lábẹ́ èékánná ọmọ-ìka ẹsẹ̀ Bob Marley, gbajúmọ̀ olórin Jàmáíkà. Ní 1981, ó kú ní ẹni ọdún 36.

Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà gbé ètò kan jáde tó ń fi àwòrán èékánná lórí fóònù díwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó. Nígbà tí mo kà á, ìyá àgbà Kankon ni mo rántí. Ohun tí ojú wọn rí ni ẹ̀rọ náà ń wá.

Síbẹ̀, àmì ni èékánná, kì í ṣe ìdájọ́. Ìyá àgbà náà kò dá oògùn fún ọmọ. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ní kí a gbé e lọ. Àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ bọ́ ọ̀dà kúrò ní èékánná yín lónìí, kí ẹ wò ó dáadáa.