Ṣé Dandan Ni Kéèyàn Wọ Ẹgbẹ́?

Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń ránṣọ tàbí tó ń ṣerun l'Ìkàrẹ́ àti l'Ọ̀kà Àkókó léèrè ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Àwọn kan á ní ẹgbẹ́ ló ń gbani lọ́jọ́ ìṣòro. Àwọn mìíràn á ní: owó ìwọlé, owó ìpàdé, owó ìtanràn, kí ló wá kù? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀ọ̀mù, tí ò tíì rí owó ṣọ́ọ̀bù, ló ń dùn jù.

Ibo ni ẹgbẹ́ ti wá gan-an? Láyé àtijọ́, èèyàn kì í forúkọ sílẹ̀ kó tó di alágbẹ̀dẹ tàbí onílù. Wọ́n ń bí i sí i ni. (Ẹni tó ń jẹ́ Àyàndélé, ẹ ò ní bi í pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe nílé wọn.) Agboolé ló ni iṣẹ́, baálé ló ń parí ìjà. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ àti kẹ̀kẹ́ ológeere dé, kò sí agboolé kankan tó ni wọ́n. Peter Lloyd, tó ṣèwádìí nílẹ̀ Yorùbá, kọ ọ́ lọ́dún 1953 pé ẹgbẹ́ ló wá ń ṣe iṣẹ́ agboolé fún àwọn oníṣẹ́ tuntun wọ̀nyí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: alága ń ṣe bíi baálé, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bi baálé ní ìṣirò owó.

Síbẹ̀, agbára ẹgbẹ́ kì í ṣe àlọ́. L'Èkó, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba amúnisìn ní kí Captain Pullen máa pàṣẹ iye tí wọ́n á ta oúnjẹ. Àlímọ́tù Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà, tí kò kàwé rárá, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fowó lọ̀ ọ́, kò gbà. Lọ́dún 1945, ètò náà kógbá sílé. Ká ní òun nìkan ló jókòó ti igbá gàrí rẹ̀, ọlọ́pàá kan ṣoṣo ì bá ti kó o.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó lè ní kí ìjọba má pàṣẹ iye ọjà, òun náà lè pàṣẹ ẹ̀. Lọ́dún 2024, àjọ FCCPC fẹ̀sùn irú ẹ̀ kan àwọn ẹgbẹ́ ọjà kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ rọra béèrè: ta ni akápò, ìgbà wo ló sì ka owó síta kẹ́yìn?