Ọ̀nà tí Àrùn Sídà Gbà Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọ̀pọ̀ ilé láàárín wa ni sídà ti pa lẹ́kún. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kọ́kọ́ kàn, ìbéèrè tí ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn ni pé, ta ni ó gbé e wá? Àwọn kan ní àlejò ni, àwọn mìíràn ní èpè ni. Ìbéèrè tí ìtàn kọ́ wa láti bèèrè yàtọ̀: ọ̀nà wo ni ó gbà?

Láti ara ìnàkí ni kòkòrò VIH kìíní ti bọ́ sí ara ènìyàn, ní gúúsù ìlà-oòrùn Kamẹrúùnù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àwọn onímọ̀ gbà pé ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ọdẹ pa ni ó fà á. Ó bá àwọn arìnrìn-àjò gba ojú odò dé Léopoldville, ìlú tí a ń pè ní Kinshasa lónìí. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára ẹnì kan níbẹ̀ ní ọdún 1959 ni ẹ̀rí rẹ̀ tí ó pẹ́ jùlọ. Iṣẹ́ àwọn amúnisìn ti kó ọ̀pọ̀ ọkùnrin jọ sí ìlú náà láìsí aya wọn. Ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé èrò láti ibẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn.

Ní ọdún 1983 ni àwọn onímọ̀ Institut Pasteur ní Paris rí kòkòrò náà. Kò pẹ́ tí Souleymane Mboup ti Dakar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rí VIH kejì, èyí tí ó ti ara ọ̀bọ mìíràn wá ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín. Ní ọdún 1985, a rí aláìsàn sídà àkọ́kọ́ ní Benin.

Ọ̀nà tí ó ti Abidjan gba Accra, Lomé àti Cotonou dé Èkó ni ọ̀nà òwò wa. Àwọn awakọ̀ ń sùn ní ẹnubodè, àwọn oníṣòwò ń pẹ́ lẹ́yìn odi. Nítorí èyí ni orílẹ̀-èdè márùn-ún fi dá ẹgbẹ́ ọ̀nà Abidjan sí Lagos sílẹ̀ ní ọdún 2002, láti gbógun ti àrùn náà.

Ìbálòpọ̀ láìlo rọ́bà ìdáàbòbò, abẹ́rẹ́ tàbí abẹ tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí a kò yẹ̀ wò kí a tó fà á sí aláìsàn lára, àti ìyá sí ọmọ nínú oyún, nígbà ìbímọ tàbí nípa ọmú: ọ̀nà rẹ̀ nìyí. Egbò àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn a máa ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀fọn kì í gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í kó o níbi ìbọwọ́ tàbí àwo oúnjẹ kan náà.

Láti ọdún 1996 ni àpapọ̀ oògùn ti ń dá ẹ̀mí sí. Ẹni tí ó ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń bá ara wọn lò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtìjú kò jẹ́ kí ó ṣe àyẹ̀wò kò lè rí oògùn náà gbà. Bí a bá ń nàka sí aláìsàn, àwa gan-an ni a ń la ọ̀nà fún àrùn náà.