Ìgbànú Dúdú àti Ojúlówó Ọ̀gá Ìjà

Ọ̀pọ̀ wa ni ó gbà pé láti ayébáyé ni ìgbànú dúdú ti jẹ́ àmì ọ̀gá ìjà ní ilẹ̀ Jàpáàn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ìtàn ni ó tún mi kọ́.

Ìwé àṣẹ ni ilé ìjà àtijọ́ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yege. Kano Jigoro, tí ó dá júdò sílẹ̀ ní 1882, gba irú rẹ̀ ní ilé Kito ní 1883. Ní ọdún kan náà ni ó fi ‘dan’, oyè tí àwọn tí ń ta ayò go ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, dá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì lọ́lá. Lẹ́yìn èyí ni ìgbànú dúdú dé.

Ṣé ayédèrú wá ni oyè tuntun? Rárá o. Ọwọ́ tí ó gba àṣẹ àtijọ́ ni ó fi í fúnni. Ẹ má ṣe bi ìgbànú léèrè ọjọ́ orí. Ẹ bi ẹni tí ó sán an léèrè ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, àti ẹni tí ó kọ́ ọ.