Ọjọ́ Kan ní Matanzas, Ìlú tí Àlejò Ń Gbà Kọjá

 

Nígbà tí awo kan láti Kúbà bá kí wa pé “iború, iboya, ibochiché”, àwọn ọ̀dọ́ kan láàrin wa a máa rẹ́rìn-ín sínú nítorí ohùn rẹ̀. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ìtàn ìlú kan ni ó pa ẹ̀rín náà mọ́ mi lẹ́nu. Matanzas ni orúkọ ìlú náà.

Matanzas wà ní etíkun àríwá erékùṣù Kúbà, nǹkan bí 100 kìlómítà sí ìlà-oòrùn Havana. Bí ènìyàn bá kọjá rẹ̀ díẹ̀, yóò kan Varadero, níbi tí iyanrìn funfun àti ilé ìtura pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ àlejò ni í ti Havana bọ́ sí Varadero tààrà. Láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń wo Matanzas. Ṣùgbọ́n fún ọmọ Odùduwà, ìlú tí wọ́n ń gbà kọjá yẹn gan-an ni ó yẹ kí a sọ̀ kalẹ̀ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún ọjọ́ kan péré.

Kí àlejò bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ láti San Severino, ilé olódi tí àwọn ará Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sí etí omi ní ọdún 1693, ọdún kan náà tí wọ́n dá ìlú sílẹ̀. Láti ọdún 2009 ni a ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa òwò ẹrú. Ní ọdún 1817, Sípéènì bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé òun yóò fòpin sí òwò náà ní 1820, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni. Fún ohun tó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ẹrú kò yé gúnlẹ̀ sí Kúbà ní ìkọ̀kọ̀. Àkókò yẹn kan náà ni Ọ̀yọ́-Ilé ń tú, tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ wa, tí a ń kó ọmọ ènìyàn lọ tà ní etíkun. Lucumí ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa nígbà tí wọ́n débẹ̀.

Ní ọ̀sán, kí ó rìn lọ sí gbàgede Vigía, lẹ́bàá odò San Juan. Ìlú afárá ni Matanzas. Odò Yumurí àti San Juan la inú rẹ̀ kọjá. Ní gbàgede yìí ni gbọ̀ngàn eré Sauto wà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1863, tí ẹwà rẹ̀ ń dán títí di òní. Kí a má ṣe jẹ́ kí ẹwà náà fọ́ wa lójú. Ìrèké ni ó sọ ìlú náà di olówó, ẹrú ni ó sì ń gbin ìrèké. Nígbà tí àwọn olówó jókòó síbẹ̀ wo eré àkọ́kọ́, ó ku ọdún 23 kí ìfiniṣẹrú tó dópin pátápátá ní Kúbà.

Àwọn tí a fi ṣẹrú náà kò káwọ́ gbera. Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1843, obìnrin Lucumí kan, Carlota, wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ní oko ìrèké Triunvirato, ní ìgbèríko Matanzas. Wọ́n pa á. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba mú ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú. Àkàsọ̀ ni wọ́n ń so wọ́n mọ́, tí wọ́n ń fi pàṣán nà wọ́n kí wọ́n lè jẹ́wọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ọdún náà ní ọdún Àkàsọ̀. Ní 1975, nígbà tí Kúbà rán ọmọ ogun lọ sí Àǹgólà, orúkọ Carlota ni wọ́n fi pe iṣẹ́ náà.

Bí oòrùn bá rọlẹ̀, kí àlejò gba àdúgbò Simpson lọ. Àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní cabildo ni ó dá ẹ̀sìn wa dúró ní ìlú yìí. Orúkọ ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà ni wọ́n ń gbé síta, òrìṣà wa sì wà nínú ilé. Cabildo àwọn Ìjẹ̀ṣà ń jẹ́ Iyesá Moddú San Juan Bautista, wọ́n sì ní ìlù tiwọn tó yàtọ̀ sí bàtá. Remigio Herrera, tí àwa mọ̀ sí Adéṣínà, gbé ní Matanzas kí ó tó lọ sí Regla, níbi tí ó kú sí ní ọdún 1905. Ọ̀pọ̀ awo Kúbà lónìí ni ó ń ka ìran Ifá wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, kí ó padà sí etí òkun. Àwọn obìnrin ni ó di ìsìn Olókun mú níhìn-ín. Ìyá kan láti Ẹ̀gbádò, tí orúkọ òrìṣà rẹ̀ ń jẹ́ Obá Tero, fi í lé Fermina Gómez lọ́wọ́, òun náà sì fi í lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Òkun tó gbé wọn kúrò nílé ni wọ́n kúnlẹ̀ fún, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ó ní olúwa tí kì í ṣe oníṣòwò ẹrú.

Èyí ni ó yẹ kí a rántí kí a tó tún ohùn wọn ṣe. Èdè Sípéènì kò ní àmì ohùn bíi tiwa. Ẹnu tó ń sọ ọ́ láti ìgbà èwe ni ó pa “mo júbà” mọ́ di “moyubá”, tó pa “àṣẹ” mọ́ di “aché”. N kò sọ pé kò sí ìyàtọ̀ láàrin wa. Ọ̀pọ̀ ilé Ifá ní Kúbà kì í tẹ obìnrin ní Ìyánífá. Nílé níhìn-ín, a ń tẹ̀ wọ́n. Ó yẹ kí a jókòó sọ ọ́, kí a sì gbọ́ ara wa yé. Ṣùgbọ́n kí àwa tí a wà nílé náà bi ara wa léèrè: ọmọ mélòó ní agboolé wa ni ó lè ka oríkì orílẹ̀ rẹ̀? Kò sí ẹni tó so wá mọ́ àkàsọ̀, síbẹ̀ a ń gbàgbé.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọmọ Kúbà lọ́dún yìí, ẹ má ṣe kọ́kọ́ tún ìkíni rẹ̀ ṣe. Ẹ dá a lóhùn, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí àwọn baba àti ìyá rẹ̀ rántí tí àwa ti gbàgbé. Bí ìrìn bá sì gbé yín dé Kúbà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Matanzas.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.