Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Kò Ríṣẹ́ Ṣe ní Ilẹ̀ Yúróòpù: Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Náà?

Àwọn àgbà a máa sọ pé ọwọ́ tí ó bá dilẹ̀ ni èṣù ń yá lò. Òwe yìí kì í ṣe ti ọ̀lẹ nìkan. Ó bá ẹni tí ó ní agbára, tí ó ní ìwé ẹ̀rí, tí ó sì ń kan ilẹ̀kùn kiri láti àárọ̀ di alẹ́ láìrí ẹni dá a lóhùn wí pẹ̀lú. Irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀ wà lára àwọn tí ó lọ́rọ̀ jù lọ láyé. Ìṣòro kan náà ni ó bá wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí olúkúlùkù gbà kojú rẹ̀ yàtọ̀, èso tí wọ́n ká sì yàtọ̀ pẹ̀lú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1909 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin pé kí a dá àwọn ọ́fíìsì sílẹ̀ níbi tí ẹni tí ń wá iṣẹ́ àti ẹni tí ń wá òṣìṣẹ́ yóò ti máa pàdé. Winston Churchill ni mínísítà tí ó gbé òfin náà kalẹ̀, William Beveridge sì ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ pàtàkì. Ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé ọdún 1910 ni a ṣí àwọn ọ́fíìsì náà. Èrò àwọn aṣáájú nígbà náà ni pé iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wá a kò mọ ibi tí ó wà.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì gbówó lórí ní ọdún 1973, tí àwọn ilé-iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn, ó hàn gbangba pé iṣẹ́ gan-an ni kò tó. Àwọn ọ̀dọ́ ni ìyà náà jẹ jù, nítorí ẹni tí ó dé gbẹ̀yìn ni agbanisíṣẹ́ sábà máa ń kọ́kọ́ dá dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 1982, àwọn aláìníṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1981, rògbòdìyàn ti bẹ́ sílẹ̀ ní Brixton ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù àti ní Toxteth ní ìlú Liverpool. Nígbà tí adájọ́ àgbà Lord Scarman wádìí ọ̀ràn Brixton, àìríṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ wà lára ohun tí ó tọ́ka sí.

Ní ọdún 1983, ìjọba Margaret Thatcher dá ètò ìkọ́ṣẹ́ ọlọ́dún kan sílẹ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé, a sì ń fún wọn ní £25 lọ́sẹ̀. Ní ọdún 1986, ó di ọlọ́dún méjì. Àwọn kan rí iṣẹ́ gidi kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn agbanisíṣẹ́ mìíràn sọ ètò náà di ọ̀nà àtirí òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú: bí ọdún bá yípo, wọn a lé ti àná lọ, wọn a sì gba tuntun. Ní ọdún 1988, ìjọba mú owó ìrànwọ́ kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18, nítorí pé a ti ṣèlérí ààyè fún wọn nínú ètò náà. Orí ọ̀dọ́ ni ẹrù náà padà sọ̀ sí.

Ilẹ̀ Jámánì gba ọ̀nà mìíràn. Láti ìgbà láéláé ni àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́; òfin ọdún 1897 sì fi àṣẹ lé ètò náà. Olùkọ́ kan, Georg Kerschensteiner, ni ó ṣe àtúntò ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ìlú Munich láti ọdún 1900, kí ẹ̀kọ́ inú kíláàsì lè bá iṣẹ́ tí ọmọ ń kọ́ mu. Òfin ńlá ọdún 1969 wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọmọ iṣẹ́ a máa lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, a sì máa lo ọjọ́ kan tàbí méjì ní ilé-ẹ̀kọ́, fún ọdún méjì sí mẹ́ta ààbọ̀. Ọ̀gá ń fún un lówó. Ìjọba ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ni ó ń ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ẹni tí ó mọ bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá nílẹ̀ Yorùbá kò ní ṣàì mọ ìtumọ̀ ọjọ́ náà. Iṣẹ́ tí a lè kọ́ báyìí lé ní 300.

Ètò Jámánì kò ṣàìní àbùkù. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀, nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ni a ti ń pín ọmọ sí ọ̀nà ẹ̀kọ́ tí yóò tọ̀, àwọn ọmọ àjèjì sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí ọ̀gá tí yóò gbà wọ́n.

Ní ilẹ̀ Spéìn, àtúnṣe òfin ọdún 1984 gba àwọn agbanisíṣẹ́ láyè láti máa gba òṣìṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Iṣẹ́ pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí 1999, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn òṣìṣẹ́ ni ó wà lórí iṣẹ́ ìgbà díẹ̀, ọ̀dọ́ ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ sídìí iṣẹ́ ilé kíkọ́, nítorí owó ń bẹ níbẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 2008, iṣẹ́ ilé kíkọ́ dúró, ilé-ìwé sì ti lọ.

Ìjọba ilẹ̀ Faransé náà fẹ́ tọ ọ̀nà tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2006. Òfin tí Dominique de Villepin gbé wá ni pé agbanisíṣẹ́ lè dá ẹni tí kò tí ì pé ọdún 26 dúró láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ láìsọ ìdí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tú sí ìgboro, ìjọba sì yí i padà ní oṣù kẹrin ọdún náà.

Ọdún 2013 ni ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tí ń wá a, àwọn tí kò rí i lé ní 55 ní Spéìn àti ní Gíríìsì. Ní Jámánì wọn kò ju 8 lọ. A kò ka akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá iṣẹ́ mọ́ wọn. Síbẹ̀ ọ̀run àti ayé ni àlàfo àárín iye méjèèjì. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí ìmọ̀ràn pé kí a fún gbogbo ẹni tí kò tí ì pé ọdún 25 ní iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí ìkọ́ṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́rin tí ó bá jáde ilé-ìwé tàbí tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ Swídìn ti gbìyànjú irú èyí láti ọdún 1984. Ní ọdún 2020, a na ìlérí náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún. Ní òpin ọdún 2021, ìjọba Spéìn, àwọn agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ fohùn ṣọ̀kan láti dín iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ kù. Nígbà tí ó fi di ọdún 2023, iye àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ní Spéìn àti Gíríìsì ti sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ó ṣì pọ̀.

Kò sí àní-àní pé owó ìjọba nìkan kò lè parí ọ̀ràn yìí, ìwé ẹ̀rí nìkan kò sì lè parí rẹ̀. Níbi tí òfin bá ti di gbogbo ewu ọjà iṣẹ́ ru ọ̀dọ́, afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ tí ó bá fẹ́ ni yóò gbé e ṣubú. Níbi tí ọ̀gá, olùkọ́ àti ìjọba bá ti jọ gbé ẹrù náà, ọmọ a rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè; orílẹ̀-èdè tí ó bá gbàgbé apá kan òwe náà ni ọmọ rẹ̀ yóò máa wo pẹpẹ láìrí ẹni bá a gbé ohun tí ó wà níbẹ̀.