Wọ́n ti díwọ̀n aṣọ fún èèyàn rí: láti London títí dé Onitsha

 

Láti ìgbà tí ẹnìkan ti mú àbá wá pé kí ẹgbẹ́ wa máa ra aṣọ kan ṣoṣo lọ́dún, kí á yéé ra tuntun fún ìgbéyàwó lọ́tọ̀, òkú lọ́tọ̀, ìkómọ lọ́tọ̀, ariwo kò tíì rọlẹ̀ lórí pèéjì yìí. Ẹnìkan kọ ọ́ pé òun kò gbọ́ ọ rí láyé òun pé wọ́n ń ka iye aṣọ tí àgbàlagbà yóò rà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti kà á rí o. Aṣọ ni mò ń tà, ọ̀pọ̀ yín ló mọ ṣọ́ọ̀bù mi, kò sì yẹ kí irú ọ̀rọ̀ yìí ti ẹnu mi jáde. Ṣùgbọ́n ìtàn ni ìtàn ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ìlú ọba bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin. Ọjọ́ kìíní oṣù June 1941, ọjọ́ Sunday, lásìkò ogun Hitler, ìjọba wọn kéde lórí rédíò pé láti ọjọ́ náà lọ, owó nìkan kò tó fi ra aṣọ mọ́, àfi kí kúpọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ rẹ. 66 ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan. Wọn kò kọ́kọ́ pín ìwé kúpọ́ọ̀nù aṣọ rárá, kí àṣírí má baà tú kí gbogbo èèyàn sáré lọ kó ọjà. Kúpọ́ọ̀nù majarín tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kóòtù òtútù ọkùnrin gba 16, jákẹ́ẹ̀tì 13, ṣòkòtò rẹ̀ 8, bàtà 7. Ẹ rò ó pọ̀, 44 ti lọ nìyẹn. 22 tó kù ni bàbá yóò fi ra ṣẹ́ẹ̀tì, síńgílẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀sẹ̀ títí ọdún yóò fi yípo.

Ẹni tó bá ní òun á fọwọ́ ara òun hun súwẹ́tà kò bọ́ nínú ẹ̀, torí kúpọ́ọ̀nù kan ni fún òwú ounce méjì. Ni àwọn obìnrin wọn bá dọ́gbọ́n. Wọ́n á tú súwẹ́tà tó ti gbó, wọ́n á fọ òwú rẹ̀, wọ́n á nà án kó lè gún, wọ́n á wá fi hun òmíràn fún ọmọ. Òwú àtúntú kò gba kúpọ́ọ̀nù, aṣọ àlòkù náà kò gbà á. Ní 1942 wọ́n tún ṣòfin pé aṣọ́ránṣọ kò gbọdọ̀ ká ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọkùnrin sókè mọ́, pé ó ń fi aṣọ ṣòfò. Inú bí àwọn ọkùnrin gan-an. Bọ́ǹbù ń bọ́ lulẹ̀, ẹnu ṣòkòtò ni wọ́n ń jà sí!

Kódà nígbà tí Elizabeth tó di ọbabìnrin ń ṣe ìgbéyàwó ní November 1947, kúpọ́ọ̀nù ló fi ra aṣọ rẹ̀. Àwọn aráàlú fi tiwọn ránṣẹ́ sí i láti ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì dá a padà fún wọn, nítorí òfin kò gbà kí ẹnìkan ná ti ẹlòmíràn. Lóòótọ́ ìjọba fún un lé díẹ̀, ọmọ ọba ni, àbí? Kì í sì í ṣe pé kò sí mọ̀kárúurù lábẹ́lẹ̀: olówó ti ní aṣọ lápótí kí ogun tó dé, àwọn kan sì ń ta kúpọ́ọ̀nù ní kọ̀rọ̀. Síbẹ̀, 66 ni ti olówó, 66 ni ti lébìrà. Ìyẹn ni kí ẹ bá mi dì mú. Ọjọ́ 15 oṣù March 1949 ni òfin náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, ogun sì ti parí láti 1945.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà mìíràn ni díwọ̀n gbà wọlé. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ní 1934, àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso wa ti fi òdiwọ̀n sí iye aṣọ Japan tó lè wọ Nàìjíríà. Aṣọ Japan ló pọ́ọ́kú, òun ni tálákà lè rà; aṣọ Lancashire ni wọ́n fẹ́ kí á máa rà. Nígbà tí ogun wá dé, ọkọ̀ ojú omi kò tó, aṣọ sójà ni ilé iṣẹ́ ń hun. Ìwọ̀nba tó ń wọlé, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń kó o, wọ́n sì ń pín ìwé àṣẹ yẹn gẹ́gẹ́ bí kọ́ńpìnnì kọ̀ọ̀kan ṣe tà tó tẹ́lẹ̀. UAC àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló mú èyí tó pọ̀ jù, ọmọ Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò rí ààyè. Bí o bá wá dé ilé ìtajà wọn pé aṣọ lo fẹ́, wọ́n lè ní àfi kí o gbé ẹrù mìíràn tí kò tà mọ́ ọn. Àwa ọlọ́jà mọ irú ìwà yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́. Onitsha yìí ni Omu Okwei, ọmọ Ossomari, ti lówó: epo pupa ló ń kó fún àwọn òyìnbó, tó ń gba aṣọ àti ọjà wọn padà. Ère rẹ̀ wà nínú ìlú yìí. 1943 ló kú, láàárín ọ̀wọ́n náà gan-an.

Ogun parí, aṣọ kò pọ́ọ́kú. Ní Accra, olóyè kan tó ń jẹ́ Nii Kwabena Bonne sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Olóyè Osu Alata ni, ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Gáná rí mọ̀ pé Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ó káàkiri ìlú, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ra aṣọ àti ọjà òyìnbó mọ́ títí wọn yóò fi bu owó lé e. January 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọn kò rà fún bí oṣù kan. Àwọn kọ́ńpìnnì gbà pé èrè tí wọ́n ń jẹ, tó jẹ́ 75 nínú ọgọ́rùn-ún, á wá sí 50. 28 February ni wọ́n fòpin sí i, ọjọ́ yẹn náà ni ọlọ́pàá yìnbọn pa sójà àtijọ́ mẹ́ta tó ń wọ́de lọ sí ilé gómìnà, ìlú sì dàrú. Ẹ kíyè sí i pé níbẹ̀, aráàlú fúnra wọn ló díwọ̀n aṣọ fún ara wọn.

Báyìí ẹ jẹ́ ká padà sílé, sí ibi tí a ń gbé. October 1967, lásìkò ogun Biafra, Division 2 ti àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ dé Asaba. Ní ọjọ́ keje oṣù náà, àwọn ará Asaba jáde láti kí wọn káàbọ̀. Akwa ocha ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀, aṣọ funfun tí àwọn obìnrin wọn ń fọwọ́ hun, tí wọ́n ń wọ̀ fún oyè àti òkú àgbà, bí àwa ṣe ń wọ ẹtù. Wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin pé Nàìjíríà kan ni gbogbo wa. Wọ́n ya ọkùnrin sọ́tọ̀ láàárín wọn, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra akwa ocha nítorí pé ó rẹwà, ó yẹ kí ẹ mọ èyí. Lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn sójà fi ọkọ̀ ojú omi kọjá odò wá sí Onitsha níbí, wọ́n sì dáná sun ọjà Main Market, ọjà tí wọ́n ń pè ní èyí tó tóbi jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Biafra lé wọn padà nígbà yẹn. March 1968 ni wọ́n tó gba ìlú náà. Aṣọ tó jóná lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, ta ni yóò kà á?

Láti ìgbà náà títí di January 1970, aṣọ di góòlù nínú Biafra. Wọ́n ti dí òkun mọ́ wọn. Àwọn obìnrin kan ń yọ́ kọjá ojú ogun lọ ra iyọ̀ àti àwọn ọjà mìíràn lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń bá jà, wọ́n sọ ọjà náà ní «ahịa attack». Bí ẹ bá bá àwọn ìyá àgbà jókòó ní ìlú yìí, wọ́n á sọ fún yín bí wọ́n ṣe ṣí àpótí, tí wọ́n ń yọ George àti hollandis ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi í pààrọ̀ iṣu àti gàrí. Aṣọ ìgbéyàwó ìyá ló di oúnjẹ ọmọ. Nígbà tí ogun parí, £20 ni ìjọba fún ẹni tó ní owó ní báńkì, iye yòówù kó ti fi síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tún ní aṣọ òkìrìkà àti okporoko kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, ohun méjì tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ogun bọ̀ lè fi bo ara kó sì fi jẹun. Títí di òní ni àwọn Igbo ń sọ ọ́, àwa tí a ń bá wọn gbé sì ń gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ àpótí yìí gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Aṣọ àwọn ìyá yẹn kò pọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn gba ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, ó fún wọn ní oúnjẹ. Àwọn ìyá tiwa náà ní sányán àti àlàárì tí wọ́n jogún, tí ọmọ sì tún jogún. Èyí tí à ń rà báyìí fún gbogbo òde, tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí lẹ́yìn fífọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, bí ebi bá dé lọ́la, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ wa fi pààrọ̀ mọ́dù gàrí kan? Èmi tí mò ń tà á ni mò ń bi yín o.

Ohun kan ṣoṣo tí n kò fara mọ́ nínú àbá náà ni ibi tí wọ́n ti ní kí ẹni tó bá ní agbára máa ra «special» tirẹ̀. Rárá o. Bí 66 bá jẹ́ 66, kó jẹ́ 66 fún alága àti fún ẹni tó ń ti báárò. Kí aṣọ náà jẹ́ èyí tó nípọn, kí á wọ̀ ọ́ fún gbogbo òde ọdún, kí ẹni tí ti èṣí rẹ̀ ṣì dára wọ ti èṣí. Bí ẹ bá pè fún ìbò lórí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi á wà lókè, àwọn tó jẹ mí ní gbèsè aṣọ ti December náà ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí mi.